Kí Lẹ Fẹ́ Fi Apá Náà Ṣe? Ọ̀rọ̀ Lórí Pípààrọ̀ Oríkèé Èjìká fún Àgbàlagbà

Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti bá àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá, mo sì fi díẹ̀ kún un níbi tí àkókò kò ti jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe nǹkan kan. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ẹ má fi tipátipá ṣe é o. Ó yá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fi ọwọ́ òsì náà ṣe é.

Mo ń wò yín láti ibi tí mo dúró sí. Àwọn kan kan etí wẹ́rẹ́. Àwọn kan ní láti tẹ orí wá sísàlẹ̀ kí orí àti ọwọ́ tó pàdé. Bàbá kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn, tó dé fìlà aláwọ̀ ewé, fi ọwọ́ òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún, síbẹ̀ apá náà kò kọjá àyà. Òwe wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí òwe yẹn fi sílẹ̀ fún àgbà ni pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní ilé ìwòsàn, ọwọ́ wọn kò wọ kèrègbè, kò sì tó pẹpẹ mọ́.

Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìdárayá mú oríkèé àti iṣan padà bọ̀ sípò. Èmi kọ́ ni mo ń fi abẹ la èjìká. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti là á tán ni wọ́n ń mú ènìyàn wá bá mi, èmi àti olúwarẹ̀ yóò sì jọ máa bá apá náà yí fún oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ọdún kan. Ohun tó ń gbẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni mo mọ̀ jù, òun náà sì lẹ ní kí n wá sọ.

Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó gbà kí n sọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà ti dárúkọ òun. Ọmọ ọdún 72 ni nígbà náà. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti jẹ tán. Bó bá ti gbé apá báyìí, ẹ ó gbọ́ bí eegun ṣe ń ha eegun, bí ọlọ tí wọn kò bomi sí. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló ṣètò pé kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ òun. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan tí yóò lọ, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé yóò dára?” Mo ní, “Yóò dára, Màmá.”

Ó lọ, ó ṣe é, ó padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wọlé, kò tíì jókòó tó fi ní, “Mi ò gbọ́ agogo lónìí o.” Kò kọ́kọ́ yé mi. Ó wá là á yé mi pé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nítòsí ilé òun tó máa ń lu agogo ní ìdájí. Fún ọdún méjì gbáko, ojú ni agogo yẹn ń bá a. Yóò ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, yóò fẹ̀yìn ti ògiri, yóò fi ọwọ́ òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, nítorí kò sí bó ṣe lè dùbúlẹ̀ tí èjìká náà kò ní ta á jí. Lóru ọjọ́ tó ń sọ yìí, agogo lù, oorun ló bá a. Omi lé ròrò sójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo rò pé iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ kò parí. Ní oṣù karùn-ún, ó lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, wọ́n já àpò èlùbọ́ sílẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n jọ gbé e. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wá bá mi, ó di apá mú. Àwòrán tí dókítà yà fi hàn pé kò kán, kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé apá yẹn kò gbọ́dọ̀ gbé àpò mọ́ títí ayé, ó wò mí títí, ó ní, “O ní yóò dára.”

Èmi ni mo jẹ̀bi. Lọ́kàn mi, “dára” ni kó lè sùn. Lọ́kàn tirẹ̀, kó lè gbé àpò èlùbọ́ ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí n tó pàdé rẹ̀, mi ò sì ronú láti bi í. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá yóò dára, ìbéèrè ni mo fi ń dá a lóhùn: kí lẹ fẹ́ fi apá náà ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí èjìká ṣe rí, kí ìyókù lè yé wa. Ẹ fojú inú wo ọsàn kan tí wọ́n gbé lé orí àwo pẹlẹbẹ kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ife tíì. Orí eegun apá ni ọsàn, ojú eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn wa ni àwo. Ti ìbàdí yàtọ̀: orí eegun itan wọ inú ihò tó jìn, ó jókòó dáadáa. Èjìká kò ní ihò tó jìn bẹ́ẹ̀. Òun ló jẹ́ kí apá lè yí kiri ju ẹsẹ̀ lọ, òun náà ló sì jẹ́ kó tètè máa yẹ̀. Iṣan mẹ́rin tó ti ara eegun pẹlẹbẹ náà wá ló yí orí eegun apá ká, tó dì í mú sórí àwo, bí okùn mẹ́rin ṣe ń di àtíbàbà mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Lóde gbogbo rẹ̀ ni iṣan ńlá kan wà, èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ fi ọwọ́ kàn án. Ẹ má gbàgbé iṣan yẹn, mo ń padà bọ̀ sídìí rẹ̀.

Ẹni tó bá ti jẹ itan adìyẹ tán mọ ohun funfun dídán tó máa ń bo orí eegun. Tiwa náà ní in. Bó bá jẹ tán, eegun á máa ha eegun, bó ṣe rí fún Màmá ẹlẹ́lùbọ́ nìyẹn. Ní ti okùn mẹ́rin, ọjọ́ orí ń já wọn fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 60 ọdún, ọ̀kan nínú okùn wọn ti ya, wọn kò sì mọ̀ nítorí kò dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí okùn púpọ̀ bá já, orí eegun á sún lọ sókè, á máa ha eegun òkè èjìká, apá kò sì ní gbé mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣubú ṣe ń fọ́ èjìká, ìbáà jẹ́ nínú balùwẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí ọ̀kadà. Orí eegun náà sì lè kú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. A máa ń rí i lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, kódà nígbà tí wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí. Àwọn oògùn tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé ó ń wo làkúrègbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra fún un. Dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn líle tí wọ́n ń pè ní sitẹ́rọ́ọ̀dù, lè wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ń tà á sọ fún yín. Ó ń mú ìrora lọ kíákíá lóòótọ́. Ẹni tó bá sì ń lò ó fún oṣù lórí oṣù, eegun rẹ̀ á di ẹlẹgẹ́, ṣúgà rẹ̀ á máa ròkè, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun èjìká tàbí ti ìbàdí mọ́, kí orí eegun náà sì wó. Oògùn tí ẹ rà nítorí èjìká lè wá di ohun tí yóò ba èjìká jẹ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń gbìyànjú àti pààrọ̀ oríkèé yìí. Ní 1893, ní ìlú Paris, dókítà kan tí ń jẹ́ Jules-Émile Péan fi oríkèé àtọwọ́dá tí wọ́n fi platinum àti rọ́bà ṣe sí èjìká ọkùnrin kan tí ikọ́ fée ti ba eegun rẹ̀ jẹ́. Ó lò ó fún bí ọdún méjì kí wọ́n tó yọ ọ́ nítorí kòkòrò àrùn. Lẹ́yìn náà, láàárín ọdún 1950 sí 1960, Charles Neer ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí onírin rọ́pò orí eegun tó ti fọ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwo tuntun kún un, àwo oníke líle. Irú yìí dára gan-an fún ẹni tí okùn mẹ́rin rẹ̀ ṣì pé. Ẹni tí okùn rẹ̀ ti já ńkọ́? Ẹni náà wà bẹ́ẹ̀ títí di 1985, nígbà tí Paul Grammont ní ìlú Dijon, nílẹ̀ Faransé, ro nǹkan mìíràn.

Ohun tó rò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí ó ń wú mi lórí títí di òní. Ẹ wo odó àti ọmọ odó. Orí ọmọ odó ló wà lára apá wa, odó, tí kò tilẹ̀ jìn, ló wà lára èjìká. Grammont yí i padà: ó fi orí ọmọ odó sára èjìká, ó sì fi odó sára apá. Bó ṣe yí i padà yìí, apá sún wá sísàlẹ̀, ó sì sún mọ́ àárín ara díẹ̀. Iṣan ńlá òde tí mo ní kí ẹ má gbàgbé wá nà, ó sì rí ibi fà dáadáa. Òun nìkan tó gbé apá sókè láìsí okùn mẹ́rin. Ẹni tí apá rẹ̀ ti ń rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ fún ọdún púpọ̀ tún lè fi ọwọ́ kan orí ara rẹ̀. Irú oríkèé tí wọ́n yí padà yìí ni wọ́n ń lò jù fún àgbàlagbà láwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè báyìí, òun náà ni wọ́n fi sí Màmá ẹlẹ́lùbọ́.

Ó yá, kí ni yóò ṣeé ṣe, kí ni kò ní ṣeé ṣe?

Ìrora ló ń kọ́kọ́ lọ, òun ló sì dájú jù. Ẹ yọ ti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò, tí ojú abẹ ń ta ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìrora àtijọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí a sùn, máa ń dín kù gidigidi fún ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tó bá ṣe é. Bí ẹ bá bi mí pé nítorí kí ni kí àgbà fi gbà kí wọ́n la èjìká òun, màá ní nítorí oorun.

Gbígbé apá sókè ló tẹ̀ lé e. Ọwọ́ á dé ẹnu, á dé orí. Ẹ ó lè ya irun, ẹ ó lè dé fìlà, ẹ ó lè fọ ojú nígbà àlùwàlá, ẹ ó lè mú abọ́ lórí pẹpẹ tí kò ga jù. Wíwé gèlè máa ń pẹ́ kó tó bọ́ sípò, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló ní láti wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì gba ẹ̀yìn orí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíká agbádá sí èjìká. Ọkùnrin kan tí mo tọ́jú, tíṣà àgbà ni, sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun ká agbádá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bá òun gbé e ni òun mọ̀ pé òun ti padà wálé. Oṣù mẹ́jọ ló gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ẹ̀yìn. Oríkèé tí wọ́n yí padà yẹn kì í fẹ́ kí ọwọ́ gba ẹ̀yìn lọ dáadáa. Kíkọ́ kọ́mú, fífi aṣọ nu ẹ̀yìn, ríró ìró kí ó jókòó lẹ́yìn, ó lè nira títí. Ọ̀kan sì wà tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba, ṣùgbọ́n èmi yóò sọ ọ́, nítorí mo ti rí àgbàlagbà tó sunkún lé e: fífọ ìdí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ bá ń fi omi inú bùtá ṣe é, ọwọ́ òsì lẹ ń lò. Bó bá jẹ́ èjìká òsì ni wọ́n fẹ́ pààrọ̀, ẹ bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ sì ti máa fi ọwọ́ kejì kọ́ ọ nílé. Tó bá jẹ́ èjìká méjèèjì ló ń fẹ́ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n fi pinnu irú oríkèé tí wọn yóò fi sí èyí tó kù.

Agbára ńkọ́? Èyí ni mi ò sọ fún Màmá ẹlẹ́lùbọ́. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í fẹ́ kí ènìyàn fi apá tí wọ́n pààrọ̀ gbé ju nǹkan bíi kílò 10 lọ, títí ayé. Kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà ti ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Gígún iyán kò sí níbẹ̀, fífa omi nínú kànga kò sí níbẹ̀, ríro oko náà kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, bíi ránṣọ, sísè ọbẹ̀, fífi kóńgò wọn èlùbọ́ fún oníbàárà, ìyẹn wà níbẹ̀ dáadáa.

Wọ́n máa ń bi mí bó ṣe ń pẹ́ tó. Àwọn olùwádìí kó àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ èjìká wọn jọ ní 2019, wọ́n sì rí i pé nínú 100, èyí tó ju 90 lọ ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Lọ́dún kan náà, ìwádìí mìíràn jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí iṣẹ́ abẹ èjìká tó lé ní 50,000. Ó fi hàn pé nínú àwọn ọkùnrin tó ṣe é láàárín ọdún 55 sí 59, ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tí wọn yóò tún èjìká rẹ̀ là kó tó kú. Nínú àwọn obìnrin tó ti pé 85 ọdún sókè, ẹnì kan ni nínú 37. Ọ̀dọ́ tó wà nínú wọn ń fi apá ṣiṣẹ́ tó le, ọdún tí yóò fi lò ó sì pọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní “Bàbá, ẹ ti dàgbà jù fún irú èyí,” ẹ sọ fún un pé ní ti kí oríkèé náà pẹ́, àgbà ló ṣe é fún.

Ní ti ewu inú iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ọjọ́ orí ti ń fìyà jẹni. Bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà sí i, tí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn sì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ dídì àti ìkọlù àìsàn ọkàn ṣe lè bá a nílé ìwòsàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ mú ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀ kó tó lọ. Àwọn mìíràn tún wà: oríkèé lè yẹ̀, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lè fara pa, eegun òkè èjìká tí iṣan ńlá so mọ́ lè sán nítorí iṣẹ́ tuntun tó bọ́ sí i lọ́rùn. Kòkòrò kan sì wà tó ń gbé inú awọ abíyá àti èjìká, ó pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Bó bá wọ inú oríkèé, kì í tètè fi ara hàn. Ó lè tó oṣù púpọ̀, àní ọdún, láìsí ibà, láìsí wíwú, kìkì pé èjìká tó ti dára tún bẹ̀rẹ̀ sí í dun ènìyàn. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ilé ìwòsàn lẹ ó padà sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ alágbo.

Ẹni tó ṣubú, tí èjìká rẹ̀ fọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù sáré bà á dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ní Britain, wọ́n ṣe ìwádìí kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Wọ́n kó ẹni 250 tí èjìká wọn fọ́, tí eegun sì ti kúrò ní ipò rẹ̀, jọ láti ilé ìwòsàn 32. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìdajì nínú wọn, wọ́n kàn fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn fún ìdajì tó kù, wọ́n sì ṣe físíò fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Àwọn tí orí eegun wọn ti yẹ̀ kúrò lójú ihò kò sí nínú ìwádìí yẹn, irú wọn gbọ́dọ̀ tètè rí dókítà eegun. Fún àwọn yòókù, aṣọ, sùúrù àti eré ìdárayá tó bẹ̀rẹ̀ lásìkò lè tó. Ohun tí mo máa ń rí tó ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n fi ọparun dì í le fún oṣù méjì, kí wọ́n sì máa fi àdí fà á lójoojúmọ́. Èjìká tó bá ti gan báyìí, ó ṣòro láti mú kó rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni apá sábà máa ń fi wà nínú aṣọ tí a gbé kọ́ ọrùn. Ẹ ó máa sùn bí ẹni tó jókòó díẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn àti lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má fi apá náà ti àga dìde, nítorí ipò yẹn, tí ọwọ́ wà lẹ́yìn tí ara sì tẹ̀ ẹ́, ni oríkèé tí wọ́n yí padà ti lè yẹ̀. Ẹni tó ń kírun kó jókòó kí i. Ẹ̀sìn fún aláìsàn láyè. Ẹni tó bá sì ní láti kí Kábíyèsí, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó dé iwájú wọn. Wọn kò ní bínú.

Eré ìdárayá àkọ́kọ́ rọrùn. Ẹ fi ọwọ́ kejì di tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀ bí okùn tó ń lọ sínú kànga, kí ẹ sì jẹ́ kó máa fì. Ara ló ń fì í, apá kò ṣe iṣẹ́ kankan. Lẹ́yìn náà la ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ jù nílẹ̀ wa, ìfẹ́ ni. Àwọn ọmọ yóò dé, wọn yóò ní, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe nǹkankan.” Wọn yóò bu oúnjẹ, wọn yóò fọ abọ́, wọn yóò wọ aṣọ fún un, wọn yóò sì ya irun rẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, apá tí kò bu oúnjẹ, tí kò ya irun, kò ní gbé mọ́. Mo ti bẹ ọmọ kan rí pé kó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé fìlà, kódà bó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wò mí bí ẹni tó ní kó fìyà jẹ bàbá rẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó gbé ẹ̀rọ fóònù wá fi hàn mí, bàbá rẹ̀ ń dé fìlà nínú fídíò náà. Ó sì gẹ̀ ẹ́ sí apá kan!

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa èjìká tí irin wà nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó mọ eegun tò láti ìran baba rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe eegun tí wọ́n mọ̀.

Ní ti ibi tí a ó lọ: láti 1907 ni iṣẹ́ ìṣègùn àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí, òun ló di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen lónìí, a sì tún ní ti LAUTECH. Láti ibẹ̀ ni kí àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀. Lórílẹ̀-èdè wa, ìbàdí àti orúnkún ni wọ́n ń pààrọ̀ jù, èjìká kò wọ́pọ̀. Ẹ má tijú láti bi dókítà tó bá fẹ́ ṣe é pé èjìká mélòó lẹ ti ṣe. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn, àbájáde tirẹ̀ sábà máa ń dára jù. Owó rẹ̀ pọ̀, nítorí òkè òkun ni oríkèé náà ti ń wá, àpò ara ẹni sì ni ọ̀pọ̀ fi ń san án. Ẹ bi àwọn adójútòfò ìlera yín kí ẹ tó ta ilẹ̀.

Ìbéèrè pọ̀ lọ́jọ́ náà, méjì péré ni mo fẹ́ kọ síbí. Bàbá onífìlà aláwọ̀ ewé dìde, ó ní ṣé kí òun lọ pààrọ̀ tòun. Mo ní ẹ má tíì lọ, sà. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án, a kò sì tíì ya àwòrán rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ńṣe ló gan, tí ìyẹn sì sábà máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ lè gba ọdún kan tàbí méjì. Ó lè jẹ́ okùn kan péré ló ya, kí físíò nìkan sì tó fún un. Iṣẹ́ abẹ ló kẹ́yìn, nígbà tí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti kùnà tí oorun kò sì sí. Ó ní oorun wà. Mo ní kó wá rí mi ní ọjọ́ Ajé.

Ìyá kan tó jókòó lápá òsì ló béèrè èkejì. Dókítà ti sọ fún un pé èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán, okùn mẹ́rin sì ti já, ọmọ rẹ̀ sì ti rí owó. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun yóò lè pọn ọmọ-ọmọ òun. Mo bi í pé ọmọ oṣù mélòó ni. Ó ní oṣù mẹ́jọ, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ bó bá lọ sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí ó fi hàn mí bó ṣe ń pọ̀n ọ́n báyìí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbá afẹ́fẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, ọwọ́ ọ̀tún kò sì lè dé ibẹ̀. Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń bá òun gbé e lé ẹ̀yìn, òun a wá fi ọ̀já dè é níwájú. Mo sọ òtítọ́ fún un: fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò gbọ́dọ̀ pọn ọmọ rárá. Lẹ́yìn náà, bí ẹlòmíràn bá ń bá a gbé e lé ẹ̀yìn, tí dókítà sì gbà, ó lè ṣeé ṣe fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi apá náà gbé ọmọ láti ilẹ̀ sí ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, kò ní ṣeé ṣe mọ́.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó bi mí bóyá èjìká náà yóò bàjẹ́ sí i bí òun bá dúró ọdún kan. Mo ní kí ó jẹ́ kí dókítà rẹ̀ wo eegun pẹlẹbẹ náà bóyá kò tíì jẹ jù. Bí kò bá tíì jẹ jù, ó lè dúró, kí ó máa ṣe físíò, kí a sì wá nǹkan ṣe sí oorun rẹ̀. Ó ní ó dáa, òun yóò dúró kí ọmọ náà rìn ná.